Prednisolone tí mò ń lò fún làkúrègbé ti gbé ṣúgà mi lọ sókè, ẹ gbà mí o

Alaso_Kubwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Mo ní ìbéèrè kan, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Télọ̀ ni mí ní Kubwa níbí. Ó ti tó ọdún méjì tí àwọn ọmọ ìka mi ti ń wú, kì í ṣe ọwọ́ kan o, tọ̀tún tòsì ni, tí mo bá jí láàárọ̀ wọ́n á ti gan pa, mi ò ní lè di ẹ̀ṣẹ́ títí di bí aago mẹ́wàá, àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ á kàn máa já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọsibítù ní làkúrègbé ni, wọ́n ní kì í ṣe èyí tó máa ń mú àwọn àgbà lórúnkún yẹn o, pé èyí tí ọmọ ogun ara èèyàn ń kọjú ìjà sí oríkèé ara rẹ̀ ni, rheumatoid ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fún mi ní prednisolone, wọ́n ní kí n lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n padà wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ kẹta tí mo lò ó mo gún iyán! Èmi tí mi ò lè ṣí ìdérí omi. Nígbà tó wá tán mo gba ilé kẹ́míìsì kan lọ, mo ra òmíràn, ọmọ yẹn ò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ka káàdì méjì fún mi ó gbowó ẹ̀. Oṣù keje rèé. Mẹ́rin láràárọ̀, èyí tó jẹ́ 5mg. Mi ò padà sí ọsibítù, kí n má purọ́.

Oṣù tó kọjá ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀, mò ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Ọmọ mi obìnrin bá ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò fún mi. Láàárọ̀ kí n tó jẹun, 5.4. A ní ó dáa, a dúpẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní nǹkan bí aago márùn-ún mo kàn ṣàdéédé ní kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò, 14.2! Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, mo lọ fọwọ́ mo tún ṣe é, 13.9. Kò sí àtọ̀gbẹ nílé bàbá mi, kò sí nílé ìyá mi. Ṣé oògùn yìí ni àbí làkúrègbé náà ni? Bó ṣe ń ṣe mí yìí, mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ dà sí bọ́lá lálẹ́ òní.

OmoOffa_Kaduna
Ẹ má dà á nù o mà! Ẹ dúró kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dé. Bàbá mi gba abẹ́rẹ́ sínú orúnkún lọ́dún tó kọjá, ṣúgà ẹ̀ fò sókè fún bí ọjọ́ mélòó kan kó tó wálẹ̀, a ti ń pariwo pé ta ló fún bàbá ní mínírà, àṣé abẹ́rẹ́ ọ̀hún ni. Steroid ló wà nínú ẹ̀, ìran kan náà pẹ̀lú prednisolone yín.

Apoogun_Gwarinpa
Àǹtí, ẹ kú ìrora. Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kí ẹ tó sún mọ́ bọ́lá. Prednisolone jọ nǹkan kan tí ara wa fúnra ẹ̀ ń ṣe, cortisol, ẹṣẹ́ kékeré kan tó jókòó sórí kíndìnrín ló ń ṣe é. Tí èèyàn bá ti ń ra ti ọjà wọlé lójoojúmọ́ fún oṣù méje, ẹṣẹ́ yẹn á rí i pé wọn ò nílò òun mọ́, á sùn lọ. Tí ẹ bá wá dá ti ọjà dúró lọ́la, ti ilé ò sí, ti ọjà ò sí, ni èèyàn á bá máa bì, òòyì, àárẹ̀ tó kọjá àárẹ̀, BP á já wálẹ̀, ẹlòmíràn á dákú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, dọ́kítà tó bá rí yín lójúkojú ló máa sọ bó ṣe máa lọ, mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí.

Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́. Prednisolone tí wọ́n bá mu lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, láti ọ̀sán títí di alẹ́ ló máa ń gbé ṣúgà sókè, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ, tó bá fi máa di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì agbára ẹ̀ ti rọ̀, ṣúgà á ti wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìmọye èèyàn fi ń lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì láàárọ̀ láìjẹun, wọ́n á ní kò sí wàhálà, bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ń dùn bí oyin. Láìjẹun, 7.0 sókè ni wọ́n ń kà sí àtọ̀gbẹ. Nígbà yòówù tó bá wù kó jẹ́, 11.1 sókè pẹ̀lú òùngbẹ àti ìtọ̀ òru bíi tiyín yìí, wọ́n á kà á sí i. Ẹni tí ẹ̀rọ tiẹ̀ bá ń sọ 200, 250 (mg/dL), ẹ fi 18 pín in, á di irú tàwa (mmol/L).

Ẹ lọ rí dọ́kítà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kó ẹ̀rọ náà dání. Tó bá ń kọjá 15 léraléra, tàbí tí èébì bá dé sí i, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan.

EweNje_Lugbe
Dọ́kítà orí fóònù ti pọ̀ jù. Kí ni òyìnbó mọ̀ nípa làkúrègbé? Àgúnmu kan wà tí bàbá kan ń tà ní gáréèjì, ṣíbí kan sínú ẹ̀kọ gbígbóná, ọjọ́ kejì ìyá mi dìde ó ń gbálẹ̀. Kò sí kẹ́míkà níbẹ̀, ewé àti egbò lásán. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń lò ó, ó tiẹ̀ ti sanra sí i, ojú ẹ̀ kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ó ń dán. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí.

NosiJos
Ojú kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Ẹ̀yìn ọrùn ńkọ́, ṣé ọ̀rá ti gbá jọ síbẹ̀? Ikùn ńlá, ẹsẹ̀ tín-ín-rín? Tí nǹkan bá kàn án díẹ̀ báyìí ṣé ara ẹ̀ kì í dúdú? Ewé-ń-jẹ́, mi ò bá yín jà o, àgbo ibà ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí mo lò ní wọ́ọ̀dù mi ò tíì rí ewé tó gbé ẹni tí oríkèé ẹ̀ ti wú fún ọdún dìde láàárín ọjọ́ kan. Nǹkan tí mo ti rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó tún ń mú ojú kún báyẹn, ni dexamethasone, steroid ni òun náà. Ìwọ̀n 0.75mg rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ 5mg prednisolone, nítorí náà èyí tó máa wọ ṣíbí kan, ojú ò lè rí i. Ní 2022 FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa àwọn oògùn làkúrègbé kan tí wọ́n ń tà bí ohun àdáyébá, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n bá dexamethasone àti diclofenac (oògùn ara ríro) níbẹ̀, kò sì sí lára páálí. Mi ò sọ pé bàbá gáréèjì ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo kàn ní kí ẹ yẹ ṣúgà ìyá wò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lónìí kí ẹ wá sọ ohun tó ní.

Ẹ má sì ṣe gba àgúnmu náà lọ́wọ́ wọn lójijì o. Ohun tí Apòògùn sọ lókè yẹn kan ìyá náà.

Baba_Ogbomoso_Kano
Ọmọ mi Aláṣọ, pẹ̀lẹ́. Sabon Gari Kano ni mo wà, páàtì mọ́tò ni mò ń tà. Ọdún kọkànlá rèé tí nǹkan yìí ti bá mi fínra. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọwọ́ tí mo fi ń ka owó ò lè tú okùn ṣòkòtò mọ́, ìyàwó mi ló ń bá mi tú u bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tí ìtọ̀ bá sì ń gbọ̀n mí tí kò sí nílé ńkọ́, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́. Ọyẹ́ Kano ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí, tó bá ti di Disẹ́ńbà bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún mi ní oríkèé ni.

Èmi náà jẹ prednisolone bí ẹ̀pà. Ó dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìgbà tí ṣúgà dé ni dọ́kítà kan jókòó tì mí tó sọ fún mi pé Bàbá, ẹ ti ń fi owó ẹ̀yáwó ṣe fàájì, oògùn tó máa san gbèsè ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó wá fún mi ní methotrexate, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẸẸ̀KAN LỌ́SẸ̀, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni tèmi, tí mo bá ti ń bọ̀ láti mọ́sálásí mi ò lè gbàgbé. Folic acid ní ọjọ́ mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan kò gbọ́ àlàyé dáadáa, ó ń lo tiẹ̀ lójoojúmọ́, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo inú ẹnu ẹ̀ bó yánnayànna, ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Kì í ṣiṣẹ́ kíá o. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí n tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa ń yọ ẹ̀jẹ̀ mi wò nítorí ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fi hydroxychloroquine kún un, mo ń lọ yẹ ojú wò nítorí ìyẹn. Prednisolone wálẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi tán. Bí ara ṣe rọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ mo máa ń yí àdúgbò wa ká lẹ́ẹ̀mejì, àárín ìgbà yẹn ni ṣúgà náà gbọ́ràn. Oògùn ṣúgà kan péré ló kù lọ́wọ́ mi báyìí.

Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀, ẹ rí dọ́kítà yín kí Ramadan tó wọlé. Ìgbà tí mo ṣì wà lórí prednisolone, àárọ̀ ni mo ń lò ó tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e sí ìgbà sààrì, àmọ́ dàbínù márùn-ún pẹ̀lú kúnú olóṣúgà nígbà ìṣínu, ṣúgà mi di 17. Ojú ara mi ni mo fi rí i.

Alaso_Kubwa
Bàbá, ẹ ṣé, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ okùn ṣòkòtò yẹn pa mí lẹ́rìn-ín tí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí ọ̀rọ̀ kọ́mú lọ́dọ̀ tèmi, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi dè é. Mo ti lo tòní, mi ò dà á nù.

Nǹkan kan ni kò yé mi. Apòògùn, oríkèé ló ń dùn mí, kí ló kàn án kan ṣúgà? Tó bá jẹ́ prednisolone nìkan ló fà á, tí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi ṣé ó parí nìyẹn?

Apoogun_Gwarinpa
Àǹtí, ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí lẹ bi mí yẹn. Ẹ wò ó báyìí. Ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀, insulin ló ń bá a kan ilẹ̀kùn iṣan ara (muscle) pé ẹ ṣí, ẹ gbà á wọlé. Ṣé ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí tí NEPA bá mú iná, tí gbogbo ilé ní kọ́ńpáùn tan jẹ̀nẹ̀rétọ̀, tí àlejò dé tó ń kan géètì, ta ló máa gbọ́? Ariwo jẹ̀nẹ̀rétọ̀ yẹn ni làkúrègbé yín. Oríkèé tó wú, tó gbóná, kì í dúró síbi oríkèé, ó ń da àwọn nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀, TNF, IL-6, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá sì dé ni ariwo yẹn ń dé. Insulin ń kan ilẹ̀kùn, iṣan ò gbọ́. Pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin, á tún rán àlejò sí i, á rán sí i, tó bá yá á rẹ̀ ẹ́. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n o, ní 1993 ni àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi hàn lára àwọn ẹran tó sanra jù pé TNF ń dí insulin lọ́wọ́. Ẹ wá fi kún un pé ẹni tí ara ń dùn kì í rìn, iṣan ẹ̀ á máa joro, bẹ́ẹ̀ iṣan ló ń gba ṣúgà jù lọ lẹ́yìn oúnjẹ.

Prednisolone wá dé. Ó pa jẹ̀nẹ̀rétọ̀, lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gún iyán lọ́jọ́ kẹta. Àmọ́ bó ṣe ń pa á lọ́wọ́ kan ló ń lọ bá ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kejì pé kó máa tú ṣúgà jáde, ó sì tún fi òwú di iṣan létí. Kò sí ariwo mọ́, àmọ́ onílé ti dití. Oògùn náà ò burú láti ìbẹ̀rẹ̀, ní 1948 ni dọ́kítà Philip Hench kọ́kọ́ fi ìbátan ẹ̀, cortisone, tọ́jú obìnrin kan tó ní irú àrùn yín ní Mayo Clinic, obìnrin tí ò lè dìde bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n fún Hench àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ní 2021 ẹgbẹ́ àwọn dọ́kítà oríkèé ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n má fi èèyàn sórí ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sókè, pé àwọn oògùn bíi methotrexate ni kí wọ́n gbájú mọ́.

Nítorí náà tí wọ́n bá kàn gba prednisolone lọ́wọ́ yín tí wọn ò fi nǹkan kan rọ́pò, jẹ̀nẹ̀rétọ̀ á tún tan. Ẹ ò ní gún iyán, ṣúgà náà ò sì ní gbádùn tán. Àwọn oògùn tó ń pa ariwo láìdi onílé létí ni ẹ ń wá. Àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tó ń di TNF fúnra ẹ̀ mú, infliximab, etanercept, adalimumab, àwọn ìwádìí fi hàn pé insulin máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbà wọ́n, àmọ́ owó ẹ̀ ní Nàìjíríà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB) wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ nítorí ó lè jí èyí tó ń sùn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lẹ́nu Bàbá Kano ni hydroxychloroquine. Oògùn ibà ni wọ́n fi ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 2007 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde pé àwọn aláàrùn rheumatoid tó ń lò ó kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àtọ̀gbẹ bíi ti àwọn tí kò lò ó, nígbà tó di 2014 India tiẹ̀ gbà kí wọ́n máa fi kún oògùn àtọ̀gbẹ gan-an. Ó lè mú ṣúgà wálẹ̀ jù nígbà míì o, pàápàá tí ẹ bá ń lo oògùn ṣúgà mọ́ ọn, ẹ má lọ rà á fúnra yín. Mo mọ ẹ̀yin ará Kubwa.

Sunkanmi_Zaria
Apòògùn, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ìwádìí kan wà ní Netherlands, wọ́n fún àwọn tí rheumatoid wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jó bí iná ní prednisolone púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ti ọ̀pọ̀ wọn ò burú sí i ní ti ṣúgà, ó dà bíi pé iná tó pa yẹn dí àwọn nǹkan tó bàjẹ́. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ẹni tó bá fẹnu kàn án ló máa ní àtọ̀gbẹ.

Apoogun_Gwarinpa
Sunkanmi, òótọ́ lo sọ, mo mọ ìwádìí yẹn. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan lo pè é. Àǹtí ti lo oṣù méje. Àti pé láàárín àwọn èèyàn yẹn náà kò rí bákan náà fún gbogbo wọn, àwọn kan burú sí i. Ẹni tí ara ẹ̀ bá ti ń sún mọ́ àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ tí kò mọ̀, steroid ló máa ń tú àṣírí ẹ̀.

Adura_Mararaba
Ẹ̀yin ń sọ òyìnbó. Télọ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ ń lọ, ọmọ ìka lásán lásán á wá máa wú. Àǹtí, ẹ wo àyíká yín dáadáa.

OmoOffa_Kaduna
Àyíká ti ń wò, kẹ́míìsì ni wọ́n bá níbẹ̀ 😂

NosiJos
Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àdúrà náà dáa, kí wọ́n gbà á kí wọ́n sì lọ sí ọsibítù. Àfikún kékeré: tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe HbA1c, ìyẹn tó ń wo ṣúgà oṣù mẹ́ta, ẹ sọ genotype yín fún wọn, ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀, rísọ́ọ̀tì yẹn kì í sọ òótọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó ń ka èyí, methotrexate ò bá oyún mu rárá, ẹ sọ fún dọ́kítà ṣáájú.

EweNje_Lugbe
Nọ́ọ̀sì. Mo yẹ ti ìyá mi wò lánàá. 16.8. Mo fi ìpè sí yín nínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn.

Alaso_Kubwa
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ó ti lé ní oṣù méjì, mo ní kí n padà wá jábọ̀ kí ẹ má rò pé mo ti kú.

Mo lọ. Dọ́kítà bú mi díẹ̀ nítorí kẹ́míìsì, mo gbà, ẹjọ́ mi ni. Wọ́n yẹ gbogbo nǹkan wò, wọ́n fún mi ní metformin fún ṣúgà, methotrexate ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú folic acid. Ọjọ́ Àìkú ni mo mú, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Prednisolone ti wálẹ̀ sí ẹyọ kan àti ààbọ̀, a ṣì ń sọ̀ ọ́. Kí n sọ òtítọ́, ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún le. Ara ti ń bèèrè mẹ́rin láràárọ̀, methotrexate ò tíì gbérí, mo jókòó sẹ́yìn máṣíìnì mo ń sunkún, ọmọ iṣẹ́ mi ló gé gbogbo aṣọ ìgbéyàwó kan, ó gé apá kan kù, a ní láti wá nǹkan fi dí i. Ìgbà mẹ́ta ni mo dé ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì yẹn tí mo padà.

Láti bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ó ti ń rọ̀. Aago mẹ́jọ láàárọ̀ mo ti lè di ẹ̀ṣẹ́. Kò tó ìgbà tí mo gún iyán, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ òrùka ìgbéyàwó mi tí mo fi ọṣẹ yọ lọ́dún tó kọjá, mo gbìyànjú ẹ̀ lánàá, ó dé oríkèé ìka ó dúró níbẹ̀. Mo yọ ọ́ padà jẹ́jẹ́. Mi ò dìde tọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóru mọ́.

Baba_Ogbomoso_Kano
Ó máa wọlé. Má fi ipá tì í. Ti ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, èló ni ẹ̀rọ ń sọ?

Alaso_Kubwa
Mi ò tíì ṣe tòní, Bàbá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago márùn-ún lù. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọwọ́.

Alaso_Kubwa
8.3. Mi ò mu malt lónìí.